Iṣẹ́ Kòṣeémánìí àti Ojúṣe Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́: Ẹ̀kọ́ láti Ìlọrin

Ní Ìlọrin ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí a ti ń kọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní òfin àti ìlànà iṣẹ́ wọn. Orúkọ Michael Imoudu ni a fi sọ ọ́. Imoudu kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Ọmọ Ora ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ àti ìtàn ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè kan tí àwọn aṣòfin wa kò tíì dáhùn tán: bí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kòṣeémánìí bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ojúṣe wo ni ó wà lọ́rùn ẹgbẹ́ wọn, èwo ni ó sì wà lọ́rùn ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́?

Iṣẹ́ kòṣeémánìí ni èyí tí gbogbo ìlú yóò jìyà bí ó bá dúró: omi, iná mànàmáná, ilé ìwòsàn, ọkọ̀ ojú irin àti irú wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, ìjọba amúnisìn fi òfin ogun ka ìdaṣẹ́sílẹ̀ léèwọ̀. Ní 1943 wọ́n mú Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mú kí ọjà dínwó. Owó oúnjẹ ń ga sí i, owó iṣẹ́ kò sì bá a dọ́gba. Ní oṣù kẹfà 1945, kò pẹ́ tí a dá Imoudu sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ìfìwéránṣẹ́ àti ti ẹ̀ka ìjọba mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀. Àfikún ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà ni wọ́n ń béèrè. Ó ju 30 ọjọ́ lọ kí wọ́n tó padà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Tudor Davies ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn ìdá 50 náà nígbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ìjọba ológun tún òfin náà rọ. Òfin kan ní 1976 ní kí òṣìṣẹ́ kòṣeémánìí fún ọ̀gá rẹ̀ ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 15, ó kéré tán, kí ó tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Òmíràn ní ọdún kan náà fún olórí orílẹ̀-èdè láṣẹ láti fòfin de ẹgbẹ́ tí ó bá dí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1993 wọ́n fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un.

Ní Ìlọrin ni a ti rí ohun tí irú ìjà báyìí lè ná ènìyàn. Ní 2001, nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, a yọ olùkọ́ 49 níṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin. Ẹjọ́ náà ń ti ilé-ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2009, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá 5 nínú wọn láre, nítorí pé a kò tẹ̀ lé ìlànà òfin yunifásítì náà kí a tó yọ wọ́n. Oṣù kejìlá ọdún náà ni àwọn 44 yòókù tó gba ìdáláre. Ọdún 8 kì í ṣe ọjọ́ 8 lójú ẹni tí ó ní ọmọ í bọ́.

Ní 2004, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ nítorí owó epo, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé àbá òfin lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀. Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, lábẹ́ Adams Oshiomhole, tako ó gidigidi. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2005, àbá náà di òfin: òṣìṣẹ́ kòṣeémánìí kò gbọdọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀nà ìlàjà, kí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ sì dìbò sí i. Ẹni tí ó bá rú u lè san ₦10,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Oṣù kẹfà ọdún náà ni Imoudu kú, 60 ọdún lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni àríyànjiyàn yìí wà. Ní 2023, ilé aṣòfin Britéènì pa á láṣẹ pé kí ẹgbẹ́ sapá kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀gá bá dárúkọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2025 wọ́n pa òfin náà rẹ́.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òtítọ́ ni pé aláìsàn tí ó wà lórí ibùsùn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó oṣù. Nítorí náà ó tọ́ kí ẹgbẹ́ kìlọ̀ ní àkókò, kí wọ́n sì fi àwọn díẹ̀ ṣọ́ ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ pa àdéhùn mọ́, kí ìlàjà má sì falẹ̀. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ kòṣeémánìí, owó iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a lè ṣe aláìsan.