Fífi turbocharger kún ẹ́ńjìnnì tí ó ti ní supercharger

Fífi turbocharger kún ẹ́ńjìnnì tí ó ti ní supercharger jẹ́ ọ̀nà kan láti mú kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pàápàá ọkọ̀ asáré, gba afẹ́fẹ́ ju èyí tí ó lè fà wọlé fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ní méjèèjì ni a ń pè ní twincharger. Iṣẹ́ tí ẹwìrì ń ṣe nílé alágbẹ̀dẹ ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ṣe: wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí iná kí ó lè jó kíkankíkan. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré lè ní agbára ẹ́ńjìnnì ńlá. Ewu rẹ̀ ni pé ooru àti ìfúnpá tí ó ń mú wá lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ètò epo àti ìtutù rẹ̀ kò bá pé. Ewu yìí pọ̀ sí i ní agbègbè ọ̀dàn olóoru bíi Òkè-Ògùn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjèèjì

Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí supercharger, nípasẹ̀ bẹ́líìtì tí ó so mọ́ ọ̀pá kíránkì. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá ti tẹ iná ni afẹ́fẹ́ ń dé. Ṣùgbọ́n ara agbára ẹ́ńjìnnì ni supercharger ń jẹ, bí eré bá sì ti ń pọ̀ sí i ni ohun tí ó ń jẹ ń pọ̀ sí i.

Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ni ó ń yí turbocharger. Fáànù kékeré méjì ni ó wà lórí ọ̀pá rẹ̀: èéfín ń yí ọ̀kan, èkejì sì ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Kò gba agbára lọ́wọ́ bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré, èéfín kò tó láti yí i dáadáa, agbára rẹ̀ a sì máa pẹ́ kí ó tó dé. Ìdí tí a fi ń pa wọ́n pọ̀ nìyí: supercharger ń ṣiṣẹ́ nígbà tí eré kéré, turbocharger ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí eré pọ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1860 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Philander àti Francis Roots, ní ìlú Connersville ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí a wá ń lò fún iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin. Irú ẹ̀rọ yìí ni ọ̀pọ̀ supercharger ọkọ̀ ṣì ń tẹ̀lé. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ turbocharger ní ọdún 1905.

Ọkọ̀ òfuurufú ni ó kọ́kọ́ lo méjèèjì pọ̀ dé ìwọ̀n tí ó gbòòrò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà bíi P-38 Lightning àti P-47 Thunderbolt ní supercharger nínú ẹ́ńjìnnì wọn, a sì tún fi turbocharger kún un, nítorí pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́ gan-an lókè.

Nínú eré ìje, Lancia Delta S4 ni ó gbajúmọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1,759 cc péré, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju agbára ẹṣin 450 lọ. Nínú ìje RAC ti oṣù kọkànlá ọdún 1985, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé, Henri Toivonen fi gba ipò kìíní, Markku Alén sì gba ipò kejì. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1986, Toivonen àti Sergio Cresto tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kú nínú ìjàm̀bá nígbà ìje Corsica. Lẹ́yìn èyí ni àjọ eré ìje fi òfin de ẹgbẹ́ ọkọ̀ Group B láti ọdún 1987.

Nissan lo ọ̀nà yìí nínú March Super Turbo ti ọdún 1989, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 930 cc. Ní ọdún 2005, Volkswagen gbé ẹ́ńjìnnì TSI 1,390 cc jáde, tí ó ní agbára ẹṣin 170. Supercharger rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá ìyípo 3,500 nínú ìṣẹ́jú kan.

Ìṣirò ìfúnpá àti ooru

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni a ń ro ìfúnpá ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá ń fẹ́ sínú èkejì, ìsọdipúpọ̀ ni. Bí turbocharger bá sọ ìfúnpá afẹ́fẹ́ di ìlọ́po 1.6, tí supercharger sì tún sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5, àpapọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po 2.4. Ooru náà ń pọ̀ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wọlé ní 35 °C lè kọjá 150 °C bí a kò bá tù ú lójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa mú kí epo bú gbàù nínú sìlíńdà kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Bíbú àìtọ́jọ́ yìí ni ó ń lu orí pístínnì já, tí ó sì ń fọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe

Toyota MR2 oní-supercharger ti ọdún 1986 (1,587 cc) àti Mini Cooper S ti ọdún 2002 sí 2006 wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn olówó wọn sábà máa ń fi turbocharger kún. Iṣẹ́ náà ju kí a so ẹ̀rọ kan mọ́ páìpù lọ:

Èkíní, a ó ṣe páìpù èéfín tuntun tí turbocharger yóò jókòó lé. Ẹ̀rọ náà sábà máa ń wà ṣáájú supercharger, kí ó lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Èkejì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa dé ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ó sì rí ọ̀nà ṣàn padà sísàlẹ̀, nítorí ọ̀pá turbocharger lè yí ju ìgbà 100,000 lọ nínú ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹta, a nílò fáàfù tí afẹ́fẹ́ lè gbà yà supercharger sílẹ̀ nígbà tí turbocharger bá ti gba iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, a gbọ́dọ̀ fi intercooler, tí ó dà bí radiétọ̀ afẹ́fẹ́, sójú ọ̀nà kí afẹ́fẹ́ lè tutù.

Ẹ̀karùn-ún, pọ́ńpù àti nọ́sù epo gbọ́dọ̀ tóbi sí i, kí a sì tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ṣètò. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú epo díẹ̀ ni ikú pístínnì.

Ipa ojú ọjọ́ ọ̀dàn

Ní Òkè-Ògùn, níbi tí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wà, turbocharger tí ojú mọ̀ jù ni ti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra ju ti bẹntiróòlù lọ, nítorí afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fún pọ̀ kí epo tó wọlé.

Ṣakí ga ju 400 mítà lọ sí òkun. Ní gíga 450 mítà, afẹ́fẹ́ tí ó gbóná tó 36 °C fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ 15 °C ti etí òkun lọ ní nǹkan bí ìdá 12 nínú 100. Nítorí náà, agbára tí a fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ máa ń wúlò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n intercooler kò lè mú afẹ́fẹ́ tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ, èyí sì dín ààyè ìṣọ́ra kù ní oṣù kejì àti ìkẹta tí oòrùn ń mú. Eruku ọyẹ́ pẹ̀lú lè dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Bí asẹ́ bá ya, yanrìn yóò máa họ fáànù turbocharger àti ara supercharger. Bákan náà, oríṣi bẹntiróòlù kan ni ilé epo sábà máa ń tà ní Nàìjíríà, nígbà tí ti Yúróòpù máa ń fún awakọ̀ láǹfààní láti yan octane 95 tàbí 98. Ètò tí a ṣe fún octane 98 gbọ́dọ̀ dín ìfúnpá kù, kí ó sì mú iná pílọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀, kí a tó lò ó níbẹ̀.

Ipò rẹ̀ lónìí

Volvo lo twincharger nínú ẹ́ńjìnnì T6, 1,969 cc, tí ó wà nínú XC90 ti ọdún 2015 pẹ̀lú agbára ẹṣin 320. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń fi mọ́tò iná mànàmáná rọ́pò bẹ́líìtì: ẹ́ńjìnnì M256 tí Mercedes-Benz gbé jáde ní ọdún 2017 ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí iná 48 volt ń yí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ turbocharger rẹ̀.