Owó Idẹ Àwọn Ará Rúùmù: Báwo La Ṣe Ń Dá A Mọ̀, Èló Ló Sì Tó?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti òbí wa ní Festac àti Amuwo-Odofin, ẹ rántí àwọn ará inú ihò nínú Súratul-Kahf. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n fi owó fàdákà rán ọ̀kan nínú wọn lọ ra oúnjẹ. Àwọn onítumọ̀ Kùránì sọ pé owó yẹn ló tú àṣírí wọn: ọlọ́jà wò ó, ó rí i pé owó ayé àtijọ́ ni.

Àwa náà lè tú àpótí ìyá àgbà, ká bá kọ́bọ̀ oníhò àti ṣílè tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé ní January 1973. Ọjà kò gbà á mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn wà lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá gbé owó idẹ kan tọ̀ ọ́ wá, tó ní ti Rúùmù àtijọ́ ni, pé ẹni tó bá rà á ti di olówó, kí lo máa wò?

Kọ́kọ́ wo lẹ́tà. Ní ọdún 498, ọba Anastasius ṣe owó idẹ tuntun tó ní lẹ́tà gàdàgbà lẹ́yìn. M dúró fún 40, K fún 20, I fún 10, E fún 5. Iye owó kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá rí CON nísàlẹ̀, ìlú tí à ń pè ní Istanbul lónìí ni wọ́n ti ṣe é. Láti bí ọdún 538, ọba Justinian ń kọ ọdún ìjọba rẹ̀ sí i: ANNO lápá òsì, iye ọdún lápá ọ̀tún.

Lẹ́yìn náà, wo ojú ọba. Heraclius (610–641) ni ọba tí Ànábì fi lẹ́tà rán Dihyah al-Kalbi sí. Ogun òun àti àwọn ará Páṣíà, tí Súratur-Rūm sọ̀rọ̀ rẹ̀, gbọ́n owó ìjọba rẹ̀ gbẹ. Ọ̀pọ̀ owó rẹ̀ ló jẹ́ pé orí owó ọba tó ti kọjá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lé. Bí o bá rí àwòrán méjì tó gun ara wọn, má yára pè é ní ayédèrú.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun ní Yarmuk ní 636, tí Ṣáàmù bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọn kò da owó yìí nù. Wọ́n ń ná an. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fúnra wọn, àwòrán ọba ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá bíi “ṭayyib”, ìyẹn “ó dára”, sí òmíràn. Ọdún 77 lẹ́yìn Hijira ni Kálífà Abdul-Malik ọmọ Marwan yọ àwòrán kúrò lára dínárì wúrà, tó fi gbólóhùn Tawhīd rọ́pò rẹ̀. Dínárì yẹn jẹ́ gíráàmù 4.25. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ṣírò nìyẹn, tí 20 dínárì tí sàká fi ń di dandan fi jẹ́ gíráàmù wúrà 85.

Èló wá ni owó idẹ náà tó? Ọjọ́ orí nìkan kì í sọ ọ́ di olówó iyebíye. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ ti parẹ́ kì í sì í mú owó gidi wá. Èyí tó bá ṣọ̀wọ́n, tí ojú àti lẹ́tà rẹ̀ ṣì hàn kedere, ló ń níye lórí. Má fi yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, torí àwọ̀ tí ọjọ́ pípẹ́ fi bò ó wà lára iye rẹ̀. Bí o bá rí ojú ìlẹ̀pọ̀ yíká etí rẹ̀, tàbí ihò tíntìntín káàkiri ara rẹ̀, fura. Bó bá jẹ́ ọjà títà lo fi ṣe, ṣírò iye rẹ̀ mọ́ ọjà rẹ tó kù nígbà tí ọdún bá yí po. Bí gbogbo rẹ̀ bá tó iye sàká, yọ ìdá kan nínú 40.

Lékè gbogbo rẹ̀, sọ òótọ́. Ànábì kọ́ wa pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òdodo, tí wọ́n sì ṣàlàyé àlèébù ọjà, Ọlọ́hun á fi ìbùkún sí i. Bí wọ́n bá purọ́, tí wọ́n fi í pamọ́, ìbùkún á kúrò níbẹ̀. Èrè tí a bá fi irọ́ pa lórí owó àtijọ́, a máa jíhìn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi halal tó wa. Āmīn.