A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ̀kọ́ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìkà ènìyàn rọrùn láti dá mọ̀. Ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé òun ń ṣe aráyé lóore ni apá kì í ká. Ìtàn Èkó jẹ́rìí sí i.

Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá fún àǹfààní gbogbo ìlú. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, kò gbà pé kí wọ́n ka òun sí ẹni tí kò ní ilẹ̀. Òun àti Herbert Macaulay gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì jàre ní 1921: ilé ẹjọ́ ní ti ará ìlú ni ilẹ̀, owó gbà-má-bínú sì tọ́ sí wọn bí onílẹ̀ gan-an. Wọ́n ṣì kọ́ èbúté Àpápá, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohùn onílẹ̀.

Ohùn àwọn ayálégbé kò dé ibì kan bẹ́ẹ̀. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Èrò rere ni. Láti 1955, ìgbìmọ̀ náà ń wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, kí olú-ìlú orílẹ̀-èdè tó ń gba òmìnira bọ̀ lè gún régé. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Nígbà tí Peter Marris, onímọ̀ ará Bìrìtìkó, fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1961 bani nínú jẹ́: ilé mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ, ẹbí sì fọ́n ká.

Ní Àpápá, ìgbìmọ̀ kan náà pín ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti ilé àwọn ọlọ́lá. Alágbàṣe tó ń ru ẹrù ní èbúté kò sí nínú ètò náà, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ sùn síbì kan. Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló gbà á, nínú yàrá tó kọjú síra wọn, tí èrò kún bámúbámú. Ìfúnpọ̀ tí wọ́n fẹ́ lé lọ kàn ṣí lọ sí ìta ààlà ètò ni.

Àwọn aṣètò yìí kì í ṣe ọ̀dájú. Ìdánilójú wọn gan-an ni ewu: ẹni tó mọ̀ dájú pé rere lòun ń ṣe máa ń ka igbe ẹlòmíràn sí àìmọ̀kan. Rere tó dúró jẹ́ kí ẹni tí a ń ṣe é fún bi í léèrè, kí katakata tó dé ẹnu ọ̀nà.