Káàdì Ọrùn Oníròyìn ní Òlíḿpíìkì

Àwọn kan ní ìgbéraga àwọn aláṣẹ ló bí káàdì tí oníròyìn ń gbé kọ́rùn ní Òlíḿpíìkì. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀; ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, ní Òlíḿpíìkì Munich, agbébọn 8 wọ aṣọ eléré ìdárayá, wọ́n fo ọgbà wọ ibùgbé àwọn eléré. Eléré àti olùkọ́ wọn 11 láti Ísírẹ́lì ló bá ìkọlù náà lọ. Nígbà tó fi di ti Montreal ní 1976, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà ti kún ẹnu ọ̀nà.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀: oníròyìn tó ní káàdì ENR, ìyẹn káàdì àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí kò ra ẹ̀tọ́ àfihàn, kò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà fídíò wọ pápá, nítorí àwọn tó ra ẹ̀tọ́ náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pín káàdì fún àwọn oníwèé ìròyìn ibẹ̀. Oníròyìn tó yẹ kó máa yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà wò ló wá ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.