Aro: Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí Aláìsàn Mú Ìyá Rẹ̀ Dání

Tó bá jẹ́ inú gòsíló Ibafo lẹ wà báyìí, ẹ rọra jókòó, ọ̀rọ̀ tòní kò jìnnà sí yín.

Lágbègbè wa níbí, láti Mowe títí dé Owódé, títí kan Ifo, èébú ni Aro. Kí èèyàn ṣe ohun tí kò yé wa báyìí, a ó ní, "Ṣé Aro lo ti sá wá ni?" Àmọ́ ní 1961, ìlú Abẹ́òkúta tí Aro wà yìí làwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kóra jọ sí fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Kí ni wọ́n wá wò?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìjọba òyìnbó ṣí ilé asínwín kan sí Yábàá ní 1907. Ilé àhámọ́ ni, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ní 1944, wọ́n ṣí òmíràn sí Lántòrò, l'Abẹ́òkúta, nítorí àwọn sójà tó ti ojú ogun dé tí ọpọlọ wọn kò pé mọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn nírú ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tó di 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo dé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, Birmingham ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà, ó sì kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìwòsàn tó fẹ́ bójú tó ní Aro, wọn ò tíì kọ́ ọ tán. Kò jókòó de bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní abúlé mẹ́rin tó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n háyà yàrá fún àwọn aláìsàn. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn.

Àmọ́ àdéhùn kan wà níbẹ̀ o. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àǹtí, ẹnikẹ́ni tó máa dáná fún un, tó máa fọṣọ rẹ̀, tó sì máa mú un lọ sílé ìwòsàn láràárọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àti oògùn. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n padà sí abúlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ti wọlé nìyí, ibẹ̀ gan-an ló sì dùn mọ́ mi jù. Nínú wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ló ni ilé, òun ló ń sọ pé kí ẹbí jáde. Nínú abúlé ńkọ́? Àlejò ni. Ẹ fojú inú wo ọmọge tó wọ aṣọ funfun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nọ́ọ̀sì lọ́nà ti òyìnbó, tó wá dé ojúlé bàbá àgbẹ̀ kan. Kó tó béèrè bóyá aláìsàn sùn, ó ní láti kúnlẹ̀ kí onílé ná. Ìyá aláìsàn jókòó síbẹ̀, ó mọ ọmọ rẹ̀ ju fáìlì lọ.

Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Àwọn dókítà kan bínú sí i nítorí èyí, mo sì mọ ìdí rẹ̀, torí àwọn oníṣègùn kan ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn, wọ́n ń nà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ewé náà. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro lápá ìparí ọdún 1950 sí 1959, kọ̀wé lórí asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè. Ìbátan igi yìí láti Íńdíà ni òyìnbó ti rí oògùn reserpine. Ó ń mú ara balẹ̀, ó sì ń rẹ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tí kò bi aláìsàn pé "Kí lẹ ti mu nílé?" lè fi oògùn lé oògùn, kí aláìsàn sì dá kú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ńkọ́? Bí ìyá kan bá ní nǹkan ń rìn nínú orí òun, pé orí òun ń gbóná, ọdẹ orí là ń pè é. Ẹni tí kò gbọ́ èdè yẹn yóò fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí, yóò ní ó dàbọ̀. Ọdún 1987 ni Makanjuola gbé ọdẹ orí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn. Àwọn ìyá wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Nígbà tó yá, Lambo lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ètò abúlé náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin asínwín ti ayé òyìnbó kò sì kúrò nílẹ̀ títí di January 2023, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun.

Orúkọ Lambo wà nínú ìwé káàkiri. Orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé ní abúlé mẹ́rin yẹn, èmi kò rí i nínú ohun tí mo kà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ìyá onílé. Tí ìyá àgbà yín bá wà lára wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan fóònù yín lónìí, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1954 ti lé ní àádọ́rùn-ún báyìí.