Láti Bọ́lẹ̀kájà dé Ọ̀dọ̀ Fíáíò
Ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ gba Fìdítì àti Ìlọrà kọjá. Bọ́lẹ̀kájà onípákó ti sáré níbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà kúrò lápá òsì, wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni aṣáájú. “Májàmájà” làwọn awakọ̀ ń pè wọ́n. Ẹ̀ṣọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kò dé àfi ní 1988.

Ní ti àyẹ̀wò ọkọ̀, iṣẹ́ Fíáíò (VIO), òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, nìyẹn. Ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún un a tẹ bíréèkì wò, a tan iná iwájú àti tẹ̀yìn, a fọwọ́ pa táyà bóyá ó ti dán. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ a lọ yá ohun èlò panápaná àti C-caution lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọn a dá a padà nírọ̀lẹ́.