Láti Orí Àtẹ dé Orí Ayélujára: Ìtẹ́lọ́rùn Oníbàárà Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fàdà nílé àti lẹ́yìn odi, àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí ọjà ń gbà bá olùrà ti pọ̀ sí i nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ohun tí olùrà ń fẹ́ kò yí padà.

Àtẹ ni àkọ́kọ́. Àwọn ìyá wa tí ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà a máa wọn kọ́ńgò lójú oníbàárà, wọn a dárúkọ iye rẹ̀, wọn a sì fi èènì sí i. Olùrà yóò gbọ́ òórùn ìrẹsì náà, yóò sì mọ ẹni tí òun lè padà tọ̀ bí òkúta bá pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìwé ni ó tẹ̀ lé e. Ní 1859, Àlùfáà Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Owó ẹyọ 120 ni ẹ̀dà kan. Ìròhìn ìjọ ni ó kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òwú àti ìpolówó ọjà kún un. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó lè yé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ìfọ́lé 1867 ni ó fi òpin sí i.

Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ayélujára wọ ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ní 1998, àjọ òṣùwọ̀n àgbáyé, ISO, ti là á sílẹ̀ pé ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ ohun èlò tí ó rọrùn láti lò: kí ẹni tí ń lò ó rí ohun tí ó wá ṣe, kí ó má ṣe làálàá púpọ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kí ni àwọn ìyá wa ń ṣe lórí àtẹ bí kò ṣe èyí?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ìlú mìíràn náà ń gbin ìrẹsì yìí, wọ́n sì ń fi orúkọ wa tà á. Bí ìkànnì oníṣòwò wa kò bá sọ iye owó, tí àwòrán ńláńlá sì ń jẹ dátà olùrà kí ó tó ṣí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò yà sí. Orúkọ nìkan ni yóò kù fún wa.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ọ̀mọ̀wé Jakob Nielsen kọ ọ́ ní 2000 pé bí ènìyàn márùn-ún péré bá dán ìkànnì wò lójú wa, a ó rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àbùkù rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ pe oníbàárà márùn-ún, ẹ fún wọn ní fóònù, kí ẹ sì dákẹ́ wò wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti ṣìnà ni kí ẹ tún ṣe.

Ọ̀fàdà yóò máa gbèrú o.